Ṣéènì 203 Tó Jáde Lójúbọ Ògún

Nígbà tí a sin Bàbá Àgbà, gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ ló ń pè é ní oníwà pẹ̀lẹ́. Mo dákẹ́, nítorí pé ibi ìsìnkú kọ́ ni ọmọ-ọmọ ti í bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n àlejò ti lọ tán báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí irọ́ yẹn tó fìdí múlẹ̀: Bàbá Àgbà kì í ṣe oníwà pẹ̀lẹ́. Olóríkunkun ni. Ó máa ń bá ènìyàn jà, ó máa ń bá ẹ́ńjìnì jà, ó sì máa ń bá òjò jà bí òjò bá rọ̀ lásìkò tí kò fẹ́. Bí ó bá ti gbọ́wọ́ lé iṣẹ́, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan kọ́ ló bí mi nínú. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n kó gbogbo kílé rẹ̀, àwọn irin tó fi ń tú nọ́ọ̀tì, wọ́n kó òòlù rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n lọ tò wọ́n sí ojúbọ Ògún lẹ́yìn ilé wa ní Adja-Ouèrè. Àṣà agbo ilé wa ni. Ẹni tó bá fi irin ṣiṣẹ́ jẹun títí dọjọ́ ikú, irin rẹ̀ di ti Ògún, ohun tó bá sì ti wọ ojúbọ yẹn kì í jáde mọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ti ń ṣiṣẹ́ ní garáàjì Bàbá Àgbà láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Bàṣé Ràímì ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, orí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà nílẹ̀, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, bí Bàbá Àgbà ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí àìsàn gbé e dè. Bàṣé là ń pe àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi tapolíìnì bo ẹ̀yìn wọn. Eyín mi kọ́ ni mo fẹ́ fi tú nọ́ọ̀tì. Bí àwọn kílé yẹn kò bá jáde, a jẹ́ pé garáàjì náà ti bá Bàbá Àgbà lọ nìyẹn. Èmi ò gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Bàbá Àgbà jẹ́, ì bá gbé irin kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó sọ pé, "Bàbá, èyí máa wọ̀ ọ́." Kò ní wo irin náà rárá. Ojú rẹ ni yóò máa wò. "Ó máa wọ̀ ọ́ ni, àbí ó máa bá a mu?" Ìbéèrè yẹn ló fi tọ́ gbogbo wa. Ó ní ọ̀pọ̀ irin ló ń wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, pé ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá rìn dé ọ̀nà Ikpinlè kó o tó mọ̀ pé wọn ò bá ara wọn tan. Nígbà tí mo di ọmọge, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kpoulou ń wá sílé wa tòun ti bàtà tuntun, ìbéèrè yẹn náà ni Bàbá Àgbà bi mí nípa rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ọmọkùnrin náà.

Ohun tí mo rántí nípa ọjọ́ òmìnira ni pé gbogbo ìlú ń jó níta, Bàbá Àgbà sì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń pè é. Òjó lorúkọ bàbá mi tó bí mi, òun sì ni àkọ́bí wọn.

"Bàbá Òjó, òyìnbó ń lọ o! Ẹ jáde wá wò ó!"

Láti abẹ́ ọkọ̀ ló ti dá a lóhùn: "Ṣé wọ́n ń kó ọkọ̀ wọn lọ?"

Wọn ò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn tó ti rẹ̀, tí kò lè dé etíkun mọ́, ni wọ́n fi sílẹ̀ káàkiri. Bàbá Àgbà kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n ń tì wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀gbẹ́ garáàjì fi kún bámú. Irin ọkọ̀ tuntun kì í tètè ti Kútọnu dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, òmíràn kì í tilẹ̀ dé rárá. Nínú àwọn òkú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ló ti ń wá ohun tí yóò fi gbé àwọn alààyè ró. Àwọn ènìyàn ń rí ìpàǹtí níbẹ̀, òun sì mọ ìdílé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, bí ẹni ń ka ẹbí. Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fún wọn ni à ń pè wọ́n: 203 ló kọ́kọ́ dé, 403 tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni 404. "Ọmọ ìyá ni 203 àti 403," yóò wí, á sì gbé písítọ̀nù kan sí ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn sí ọwọ́ òsì. "Ìrìn wọn dọ́gba. Bí èyí ṣe ń gòkè tó, tó ń sọ̀ kalẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹn. Ikùn ni kò dọ́gba. Ikùn àbúrò tóbi ju ti ẹ̀gbọ́n lọ." Nítorí náà, ohun tó bá jẹ mọ́ ìrìn, èèyàn lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀kan fún èkejì lẹ́yìn tó bá ti wọ̀n ọ́n dáadáa. Ohun tó bá jẹ mọ́ ikùn, kálukú ló ni tirẹ̀. Páìpù tí písítọ̀nù ń rìn nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀wù là ń pè é, òyìnbó náà ẹ̀wù ni wọ́n pè é, ẹ̀wù 203 kò sì lè gba písítọ̀nù 403 sínú láé.

Kí ẹ má rò pé ọgbọ́n yìí bá a láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ní ìta garáàjì, lórí ìṣó kan, gásíkẹ́ẹ̀tì jíjóná kan wà níbẹ̀, ìyẹn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀ kí omi àti iná má baà pàdé. Ti 203 ni. Nígbà tí 403 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Bàbá Àgbà fi í sí inú 403 kan nítorí pé àwọn ihò ìdè rẹ̀ ṣe rẹ́gí, ó dè é, ó gbọn ọwọ́, ó ń súfèé. Ẹnu gásíkẹ́ẹ̀tì náà ti kéré jù, ó yọ sínú iná, iná sì jó o láàárín ọ̀nà. Atọ́kọ̀ṣe míì ì bá sọ ọ́ sínú igbó. Òun gbé e kọ́ síbi tí gbogbo oníbàárà yóò ti rí i. Bí ẹnì kan bá béèrè níbo ló ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀, yóò nawọ́ sí ògiri: "Òun nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo sun ún."

Ó ní igi kan, tó gùn tó apá, tó fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnì. Yóò fi orí kan kan irin, yóò fi orí kejì sí etí, yóò sì di ojú. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mí. Ìyá Àgbà nìkan ni kì í bìkítà. "Ó ń gbọ́ tọkọ̀, tèmi ni kì í gbọ́," yóò wí sókè tí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́ ọ. Bàbá Àgbà kò ní la ojú. "Bí o bá lè máa dún bákan náà lójoojúmọ́, màá gbọ́ tìẹ náà."

Wọn ò jọ gbé láìjà. Epo ni ìjà wọn, epo pupa tí Ìyá Àgbà ń fún lẹ́yìn ilé, tí Bàbá Àgbà ń jí bù fi pa irin kí ó má dógùn-ún. Ìyá Àgbà dà á sínú àgbá, ó bò ó, ó gbé òkúta lé e. Bàbá Àgbà gbé òkúta náà kúrò, ó fi ṣe ìdúró fún táyà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí Ìyá Àgbà borí rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí 404 dé, tí Bàbá Àgbà ṣí i tó rí i pé ńṣe ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ dípò kó dúró, ó ní òun ò ní ṣe é, òun ò lè bá ẹ́ńjìnì tó ń sùn ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà kàn wò ó láti òkè dé ilẹ̀ níbi tí Bàbá Àgbà fẹ̀gbẹ́ lé ẹní. "Èmi tó ń bá yín ṣe láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́?" Ó ṣe 404 náà.

Ọ̀rọ̀ ìjọba kì í fa ọkàn rẹ̀. Ààrẹ ń lọ, ààrẹ ń bọ̀, ológun ń lé ológun, òun ń béèrè bóyá wọ́n ti tún afárá ṣe. Nígbà tí rédíò kéde pé a kì í ṣe Dahomey mọ́, pé Bénin ni wá láti òní lọ, a sáré lọ sọ fún un. Ó ti ń ṣàìsàn nígbà yẹn, ó jókòó sórí táyà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò ó díẹ̀. "Wọ́n ti kun ọkọ̀ ní ọ̀dà tuntun," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ́ ni ìjà ayé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Bàbá Àgbẹ̀dẹ là ń pe ẹ̀gbọ́n Bàbá Àgbà. Òun ló ń rọ ọkọ́ àti àdá fún gbogbo Kpoulou àti Adja-Ouèrè, òun náà ló sì ń bọ Ògún agbo ilé wa. Bí ẹ bá rí àwọn méjèèjì tí wọ́n jókòó, ẹ máa rò pé ènìyàn kan ni a gé sí méjì. Àmọ́ wọn ò gbà fún ara wọn lórí ohunkóhun. Bàbá Àgbẹ̀dẹ ní irin tí èèyàn kò fi iná àti òòlù bí kì í ṣe irin gidi. Bàbá Àgbà ní kó fi òòlù bí kábúrétọ̀ wá kí òun rí i. Nígbà tí Bàbá Àgbà gbà mí sí garáàjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bínú wá bá a. Ó ní obìnrin kì í fọwọ́ kan irin Ògún, pé ó fẹ́ ba ilé jẹ́. Bàbá Àgbà ń nu ọwọ́ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń fi ọ̀bẹ gé ilá nílé yín?"

Bàbá Àgbẹ̀dẹ yí padà, ó lọ. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún bá wa sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti bàbá mi báyìí. Òun ló ni 203 àkọ́kọ́ ní agbo ilé wa. Ó ń fi kó àgbàdo àti epo láti Kpoulou lọ sí ọjà Ikpinlè, inú ọkọ̀ náà ló sì kú sí, lọ́jọ́ kan tí ilẹ̀ dúdú wa yìí yọ̀ lábẹ́ táyà tí ọkọ̀ fi orí sọ ìrókò. Bàbá Àgbà fa ọkọ̀ náà wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ẹ́ńjìnì kúrò nínú rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́, nítorí pé irin tó bá pa ọmọ ilé, Ògún ló ni ín. Wọ́n gbé e sí ojúbọ, ní odindi, kò fọ́ níbì kankan. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọdún bá ti yí, Bàbá Àgbẹ̀dẹ á da epo pupa sí i lórí títí tí yóò fi máa kán sílẹ̀. Èmi máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà garáàjì. Mi ò súnmọ́ ọn.

Lọ́dún tí àwọn ológun gba ìjọba tí wọ́n ní àyípadà dé, òjò ìkẹyìn rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò gbọ́ òòlù Bàbá Àgbẹ̀dẹ. A bá a lórí ẹní, ó ká kò, òógùn bò ó. Ìpá tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́ ti yọ jáde, ó le bí òkúta, kò padà sínú mọ́, ó sì ń bì. Nọ́ọ̀sì dé, ó fọwọ́ kàn án, ó pe Bàbá Àgbà síta.

"Wọ́n gbọ́dọ̀ là á ní ọsibítù Àjàṣẹ́. Lónìí ni mo wí o, Bàbá. Bó bá di ọ̀la, ẹ má wulẹ̀ gbé e mọ́."

Kò sí ọkọ̀ tó ń ti Ikpinlè wọ ọ̀dọ̀ wa nínú ẹrẹ̀ yẹn. Bàṣé Ràímì nìkan ló wà nílùú. Ràímì jẹ́ oníṣòwò àgbàdo, Mùsùlùmí, ẹni ire, alágídí bíi Bàbá Àgbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ ọ̀rẹ́. 403 lọkọ̀ rẹ̀. Ó sáré gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó pa á kí wọ́n lè tẹ́ ẹní sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, tó ki mànìfẹ́ẹ̀lì, irin tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnì, bọ iwájú rẹ̀, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ yí i. A gbọ́ ohun kan tó já nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ́! Mànìfẹ́ẹ̀lì náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Àgbà gbà á, ó yí i díẹ̀, ó fi igi rẹ̀ sí etí. "Ṣéènì ti já."

Ṣéènì yẹn ló so ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì mọ́ irin tó ń mú un mí. Bí kò bá sí i, ẹ́ńjìnì ò lè jí. Ràímì káwọ́ lórí. Ó ní Kútọnu nìkan ni wọ́n ti lè rí i, bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i. Bàbá Àgbà gbé kílé. Ó ti ń tú ọkọ̀ náà, òjò ń rọ̀ sí i lẹ́yìn, ó sì fa ṣéènì jíjá náà yọ. Ó gbé e dání, ó ń wo ojúbọ Ògún. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí pé èmi náà ti ń rò ó.

Òun àti Ràímì ti fa ọ̀rọ̀ yẹn títí lábẹ́ igi máńgòrò, bóyá ṣéènì 203 lè bá 403 mu. Bàbá Àgbà ní ìrìn ni ṣéènì jẹ mọ́, ìrìn wọn sì dọ́gba. Ràímì ní ẹnu lásán ni, ta ló ti dán an wò? Lóòótọ́, kò sí ẹni tó tíì dán an wò. 203 kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ ṣì pé ní gbogbo agbègbè wa ló wà lójúbọ yẹn. Àwọn yòókù ni a ti tú jẹ tán.

Kò lọ bá Ràímì, kò lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló wá.

"Àdùkẹ́, ọkọ̀ bàbá rẹ ni. Ìwọ ni mo wá bi."

Mo ronú kan ìrókò yẹn, mo ronú kan bàbá mi tó máa ń dá ọkọ̀ dúró nítorí aláboyún, nítorí arúgbó, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ń tiro.

"Bàbá mi kì í rí aláìsàn lọ́nà kó má gbé e," mo wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ mú un."

Ìyá Àgbà dí wa lọ́nà. "Bàbá Òjó! Ògún ńkọ́?"

"Màá bá a sọ̀rọ̀."

Ó sì bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ fìlà, ó dúró níwájú ẹ́ńjìnì náà nínú òjò, kò kígbe, kò sì kúnlẹ̀. "Ògún, ìwọ lo ni ín. Mi ò jí i, mo yá a ni. Èyí tó já ni mo fi dípò rẹ̀ kí ilé rẹ má ṣófo. Ọjọ́ tí mo bá rí òmíràn, màá dá tìẹ padà. Bí o bá máa bínú, èmi ni kó o bínú sí. Má bá ọmọ yìí wí." Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi, mo sì fi kílé lé e lọ́wọ́.

Epo ọdún púpọ̀ ti dì sára ẹ́ńjìnì náà, ìyẹ́ adìẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn nọ́ọ̀tì á ti dógùn-ún. Wọn ò dógùn-ún rárá! Ńṣe ni wọ́n ń yí lábẹ́ kílé wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ẹ wo epo mi!" ni Ìyá Àgbà pariwo lẹ́yìn wa, ó ti gbàgbé pé òun ń bẹ̀rù.

Ohùn kan ti inú ilé wá, ó pe Bàbá Àgbà ní orúkọ àbísọ rẹ̀. Bàbá Àgbẹ̀dẹ mọ ìró irin, kò sì sí irin tó lè dún lójúbọ yẹn tí kò ní mọ̀.

"Ògúndélé! Gbé ọwọ́ rẹ kúrò! Jẹ́ kí n kú!"

Bàbá Àgbà kò dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ wà láàyè ná, kí ẹ lè ráyè bá mi jà!"

"Mo ní kó o gbé ọwọ́ rẹ kúrò! Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í jáde!"

"Mo gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n." Ó sì ń tú u lọ. Omijé wà lójú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òjò ni.

A fi ṣéènì náà sí bàṣé. Ẹfun ló fi sàmì sí ibi tí àwọn irin méjèèjì ti gbọ́dọ̀ pàdé. Ó wọlé. Ràímì fò sókè, àmọ́ èmi wo ojú Bàbá Àgbà, mo sì bi í ní ìbéèrè tirẹ̀.

"Ó wọ̀ ọ́ ni, àbí ó bá a mu?"

Kò bínú. Ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì náà jẹ́jẹ́, ó yí i yíká, ó tún yí i yíká, títí àwọn àmì ẹfun náà fi tún pàdé. Lẹ́yìn náà ló wá mí. "Ó bá a mu."

Kó tó wọ ọkọ̀, ó sáré padà lọ so ṣéènì jíjá mọ́ inú ẹ́ńjìnì ojúbọ, ó dé e padà. Wọ́n gbé Bàbá Àgbẹ̀dẹ sẹ́yìn, ó ń ṣépè, ó ń kérora. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ títí a fi kúrò nílùú. Wọ́n là á ní Àjàṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò kú.

Ọkọ̀ èrò ló gbé e dé Ikpinlè lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Bàbá Àgbà, Ràímì àti èmi lọ pàdé rẹ̀ pẹ̀lú bàṣé. Bàbá Àgbẹ̀dẹ wo ọkọ̀ náà, ó wo àbúrò rẹ̀. "Mi ò wọ ọkọ̀ tó gbé irin Ògún sínú." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Adja-Ouèrè, tòun ti egbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Ẹ̀yin èèyàn mi! Bàbá Àgbà gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Ràímì, ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ní ìrìn ìgbín, kò fọn fèrè, kò pè é. Àwọn èèyàn ń jáde láti inú oko àgbàdo wá wò wá. Bí èyí bá dúró, tọ̀hún á dúró. Nígbà tó yá, Bàbá Àgbẹ̀dẹ jókòó sórí gbòǹgbò kan, ó ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Ó nawọ́ sí ọkọ̀.

"Níbo gan-an ni irin náà wà?"

"Iwájú ni, Ẹ̀gbọ́n. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀yìn ni màá jókòó sí."

Bàbá Àgbà wá ṣéènì títí. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Kútọnu ló ń rán. Nígbà tó rí tuntun, Ràímì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi tuntun náà sí ojúbọ, kó fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ta ló máa mọ̀? "Èmi," ni Bàbá Àgbà wí. Ó tú ọkọ̀ tó ń rìn dáadáa, ó yọ ṣéènì bàbá mi, ó sì dá a padà sínú ẹ́ńjìnì ojúbọ. Bàbá Àgbẹ̀dẹ dúró tì í títí tó fi dè é tán. A ń retí kó dúpẹ́, tàbí kó bú u. Ó ní, "Da epo sí i." Láti ọjọ́ náà, wọ́n padà sí jíjà wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọn ò sì tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Àárọ̀ yìí ni mo lọ sí ojúbọ. Mo bọ́ bàtà mi. Bàbá Àgbẹ̀dẹ ti wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn kílé wà níwájú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì bàbá mi.

"Ta nìyẹn?"

"Àdùkẹ́ ni, Bàbá. Ẹ kú àárọ̀."

"Kí lo wá ṣe?"

Mo ti múra ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. "Kílé Bàbá Àgbà ni mo wá mú."

"Ohun tó bá ti wọ ibí kì í jáde."

"Ó ti jáde rí, Bàbá. Torí tiyín ló ṣe jáde."

Mo rò pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi pé kí n fa òun dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá àwọn kílé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ wọ́n ní fífọwọ́kàn, ó sì ń kó wọn lé mi lápá.

"Mi ò fún ọ," ó wí. "Mo yá ọ ni. Ọjọ́ tí o bá rí òmíràn, wá dá tàbúrò mi padà."

"Bí mi ò bá rí òmíràn ńkọ́, Bàbá?"

Ó kọjú sí apá ibi tí garáàjì wà, bí ẹni pé ó ń retí kí nǹkan kan dún níbẹ̀.

"Ràímì ń dúró dè ọ́," ó wí. "Máa lọ."